Gíga Igi Òsì

…kò dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dé ibẹ̀. Igi ìlù ọwọ́ ọ̀tún dé àyà, ó sinmi níbẹ̀ bí ó ṣe yẹ kó sinmi, ó sọ̀ kalẹ̀. Igi òsì gòkè dé ibi tí èjìká mi ti ní ó tó gẹ́ẹ́, ibẹ̀ ló ti ṣẹ́rí padà, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò tíì jáde lójúde tó ti ń yíjú sílé.

Ọ̀gá báńdì wa kò sì rí i. Àbí ó rí i? Ó ń kọjá lọ níwájú wa, ó na rúlà onígi rẹ̀ ní ìbú, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì tọ orí àwọn igi wa lọ bíi káfíńtà tó ń wò ó bóyá pákó wọ́. Ó ní, "Ó dára. Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá kú tán, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnìkan á tún dúró lórí ibojì mi, á ní lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ti wa ọkọ̀ panápaná síta kí àyè lè gba báńdì, àmọ́ òórùn epo rẹ̀ kò bá a jáde. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ìlà funfun tí Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì fà, tí àwa oníìlù kékeré márààrún fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìlù so mọ́ wa níwájú bí oyún tí kò ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Mo bí mẹ́ta. Kò sí èyí tó wúwo tó eléyìí nínú wọn.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bí mo bá fẹ́ rò ó gan-an, ńṣe ni mo máa ń rọra rò ó. Nígbà tí òsì kò bá lè gòkè mọ́, mo máa ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rì. Díẹ̀ báyìí. Ìdí igi á wálẹ̀, orí igi á nà sókè bí ọrùn adìyẹ tó ń mu omi. Ẹni tó bá ń wo orí igi nìkan á ní ó dé. Ó sì dé lóòótọ́… àmọ́ igun ti bàjẹ́. Igi méjèèjì ló yẹ kó rí bí òrùlé, kí apá ọ̀tún dọ́gba mọ́ ti òsì. Tèmi ti di òrùlé tí ìjì ti gbé apá kan rẹ̀. Igi á wá já lu awọ láti òkè gan-an, bí ẹni tó ń gún nǹkan. Á dún "tọ́" níbi tó ti yẹ kó dún "tá".

Tọ́. Tá. Ta ló máa mọ̀?

Ìyàwó á mọ̀.

Ó dúró lápá òsì mi níbí yìí, kò wo ẹnikẹ́ni. Aya àbúrò ọkọ mi ni, ilé kan la jọ ń gbé, iṣẹ́ kan la jọ ń ṣe: òun ló ń gbé tẹlifóònù ní ọ́fíìsì iwájú, èmi ni mo wà ní sítọ́ọ̀, tí mò ń ká róbà omi tí mò ń gbé e sí èjìká. Èjìká òsì. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òsì ni mo fi ń gbé e kí ọ̀tún lè ráyè ṣílẹ̀kùn. Ká ní mo ti mọ̀ ni… kí ni ǹ bá ṣe? Ǹ bá fi ọ̀tún gbé e. Ọ̀tún ì bá máa dùn mí báyìí.

"Ìyá Láìnì, ẹ gbé e sókè!" Awakọ̀ ọkọ̀ panápaná wa nìyẹn láàárọ̀, lápá ọ̀tún mi, àwàdà rẹ̀ kì í tán. Gbogbo báńdì ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Láìnì. Ẹni tó bá dúró láàárín, òun ni láìnì. Bó bá gbé igi sókè awọ ní ìwọ̀n ìka méjì, ìyẹn ni jẹ́jẹ́, gbogbo wọn á lu ìka méjì. Bó bá ṣe gígùn àtẹ́lẹwọ́, ìyẹn ni ti àárín, àtẹ́lẹwọ́ ni. Bó bá dé àyà… Ọ̀gá ti sọ ọ́ títí tí a fi lè bá a kà á lórin: "Èmi kì í fi etí gbọ́ ìlù o. Ojú ni mo fi ń gbọ́ ọ." Awakọ̀ sì dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, kí wá lẹ fi ń jẹun?" A rẹ́rìn-ín títí. Èjìká kò tíì dùn mí nígbà náà, ẹ̀rín rọrùn.

Lónìí ló máa yan àwọn tó máa dúró níwájú nígbà tí ọ̀gá àgbà panápaná tuntun bá wá. Kò sọ pé ìdí rẹ̀ nìyí tó fi ń gbé rúlà kiri. Kò di dandan kó sọ. Bó bá fi rí igun mi, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á fọwọ́ kàn mí léjìká, èyí tó ń dùn mí gan-an, á ní kí n lọ sẹ́yìn lọ gba àwo idẹ. Bó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó dúró láàárín kó tó kàn mí nìyẹn. "Ẹ lọ máa gbá àwo idẹ pọ̀, ẹ fi sinmi." Bàbá náà sinmi lóòótọ́. Kò wá mọ́.

Ìyàwó ló máa bọ́ sáàárín. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọwọ́ rẹ̀ rí bí ọwọ́ tí a fi rúlà bí. Mi ò bínú… mo bínú díẹ̀. Ó ti ń ṣọ́ mi. Kì í ṣe pé mo ń ro èèyàn níbi. Ní ẹ̀yìnkùlé, níbi omi, mo fẹ́ gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Mo ní, "Ṣé wọ́n ní ọwọ́ mi ti kán ni?" Ó ní, "Rárá o, mà." Ó sì gbé e. Bó ṣe ń gbé e lọ, ojú rẹ̀ ń bẹ lára èjìká mi. Mo rí i. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọkọ mi ní, "Fi ìlù yẹn sílẹ̀. Ṣé ìlù ló fẹ́ gbà ẹ́ là ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé nígbà tí mo bá wà ní sítọ́ọ̀, róbà ni mo jẹ́, róbà tó wà lára ògiri, tí wọ́n máa ń wá nígbà tí nǹkan bá ń jó? Pé láàárín láìnì yìí nìkan ni àwọn èèyàn ti ń wò mí kí wọ́n tó ṣe nǹkan?

"Lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìka méjì dé àyà. Ẹ má kánjú."

Ìka méjì. Ó rọrùn. Ìka méjì kò nílò èjìká, ọmọ ìka ló ń ṣe é. Àtẹ́lẹwọ́… ó ń bọ̀, iná kékeré kan ń tàn lábẹ́ egungun. Àyà. Ọ̀tún, ó dé. Òsì, rì í, ri ọrùn ọwọ́, kí orí igi nà… ó dé. Irọ́ náà dé. Ọ̀gá kọjá. Ó dúró. Ó padà wá síwájú mi.

Ó tán.

"Ẹ wo bí igun yín ṣe dọ́gba! Láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Kí ló wí? Ó dọ́gba? Báwo ni yóò ṣe dọ́gba? Gíláàsì ojú fèrèsé ọ́fíìsì wà ní ọ̀kánkán wa. N kì í wò ó, ìlẹ̀kẹ̀ òógùn ojú mi kò wù mí í rí. Mo wò ó báyìí. Èmi rèé, ọrùn ọwọ́ òsì mi rì. Ìyàwó rèé. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ rì. Ọwọ́ tí a fi rúlà bí yẹn. Awakọ̀ náà. Àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun náà.

Wọ́n ń sín mi jẹ.

Áà. Bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti mọ̀, wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ẹ̀yìn, Awakọ̀ á ti ní, "Ẹ wo bí Ìyá Láìnì ṣe ń ṣe é," wọn á ti jọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó á ti rẹ́rìn-ín. Kó wálé lálẹ́ kó máa kúnlẹ̀ kí mi… Ó yẹ kí inú bí mi. Mo ń wá ìbínú náà, mi ò rí i. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí dé ibi tí ìbínú ti ń wù mí bí oúnjẹ tí mi ò lágbára láti sè.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mi ò ní rì í mọ́. Ó tó. Kí òsì gòkè dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kó padà. Kí Ọ̀gá rí i. Kí n dúró láàárín wọn bí eyín tó yọ lẹ́nu, kí ó ní kí n lọ gba àwo idẹ, kí n lọ sinmi bíi ti bàbá yẹn. Ẹni tó ń fara pamọ́ kì í sinmi, ó dára kí wọ́n rí i kó lè jókòó.

Ìka méjì. Àtẹ́lẹwọ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀… ọ̀tún. Òsì…

Mo fi í sílẹ̀. Ó dúró ní àtẹ́lẹwọ́, ó padà.

"Tá."

Ohùn kan ṣoṣo. Kò sí àlàfo. Kò sí eyín tó yọ. Nínú gíláàsì, igi òsì márààrún ló dúró ní àtẹ́lẹwọ́.

Dúró ná. Ẹni tó bá ń wo èèyàn kó tó ṣe nǹkan máa ń pẹ́. Bí ojú rẹ̀ ti wù kó mú tó, á pẹ́ bí ìṣẹ́jú akàn. Mo ń gbọ́ ọ lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìlù kan á dún, ìyókù á wá ya tẹ̀ lé e bí ẹni da ẹ̀wà sínú abọ́. Wọn ò pẹ́. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi, mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe…

Èémí.

Mi ò fa èémí. Kí n tó gbé òsì dé àyà, mo máa ń fi imú fà á, ìrora ló ń fà á jáde lára mi, mi ò mọ̀ pé ó ń dún. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní ibi tí mò ń gbé e lọ, mi ò fà á. Ìyàwó kò gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé mi ò lọ. Òun náà kò lọ. Wọn ò wo igi mi rárá.

Báwo ló ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti ń gbọ́ mi?

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó rì yẹn… Bí ọ̀kan bá wọ́ láàárín mẹ́rin tó tọ́, ojú á rí i. Bí márààrún bá wọ́ bákan náà, ó dọ́gba. Ó ba tirẹ̀ jẹ́ kí tèmi lè dọ́gba. Ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ó lè bọ́ sáàárín nígbàkígbà, kò ju kí ó lu tirẹ̀ dáadáa lọ, kí Ọ̀gá fi ojú gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹni tí mo ń sá fún, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo sá sí.

"Kí lèyí? Àyà ni mo ní. Ta ló ní kí ẹ dúró ní àtẹ́lẹwọ́?"

Ìyàwó ń wo ọ̀kánkán. Etí rẹ̀ tó kọjú sí mi kò mira.

"Ọ̀gá," Awakọ̀ wí, jẹ́jẹ́, kò fi ṣe àwàdà, "ó rẹ̀ wá."

Ó rẹ̀ wá.

Ọ̀gá gbé rúlà rẹ̀. "Kò tíì rẹ̀ yín. Lẹ́ẹ̀kan sí i." Igi mẹ́wàá gòkè dé ìka méjì, wọ́n dúró. Wọ́n ń retí èémí mi, mi ò sì tíì mọ èyí tí màá mí.