Fọ́ọ̀mù Tí Kò Lórúkọ

“Abẹ́ eegun ìhà ni kí abẹ́rẹ́ gbà wọlé,” Bàbá Onírúlà wí, ó sì fi rúlà onígi ọwọ́ rẹ̀ kan àwòrán eegun àyà tó wà lára ògiri lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ́ eegun. Kì í ṣe òkè.”

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógójì tẹ orí ba, wọ́n ń kọ ọ́. Ní ọwọ́ ẹ̀yìn yàrá náà, lórí àga tó kángun sí ògiri, Dókítà Kékeré mú bírò dání, kò lè kọ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ló gbọ́ òdì. Ó wo àwòrán náà dáadáa. Abẹ́ eegun ìhà gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fa omi kúrò ní ìgbáàyà aláìsàn, òkè eegun ló gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ gbà, kó má baà gún iṣan náà, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà sínú àyà ẹni ẹlẹ́ni. Kò sí dókítà tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó sì ń sọ òdì rẹ̀ yìí ló fi kọ́ òun alára, lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, nínú yàrá yìí kan náà.

Kò ju kó nawọ́ sókè lọ, kó ní “Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Àmọ́ òfin ẹgbẹ́ wọn kò gbà á láyè: ẹni tó bá wá wo kíláàsì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ó jókòó, ó ń làágùn, títí agogo fi lù.

“Kékeré, ṣé mo gbìyànjú?” Bàbá Onírúlà bi í nígbà tí àwọn ọmọ jáde tán. Bàbá ló sọ ọ́ lórúkọ náà láyé ọjọ́sí, nígbà tó jẹ́ pé òun ló kúrú jù nínú kíláàsì. Ó ti bímọ mẹ́ta, ewú ti yọ lórí rẹ̀, ó ti di olùkọ́ àgbà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, orúkọ náà kò bọ́.

“Ẹ gbìyànjú, sà.”

“Má tàn mí o. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ.”

“Mo gbọ́, sà.”

Bàbá gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn àga tó ṣófo.

“Kékeré, àbí mo ní kíláàsì níbí báyìí?”

“Ẹ ti ṣe é tán, sà.”

“Ẹn-ẹ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ẹgbẹ́ Olùkọ́-ń-kọ́-Olùkọ́ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Bàbá Onírúlà ló dá a sílẹ̀ nígbà tó rí i pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ abẹ bí ẹni mowó kò lè ṣàlàyé òtútù àyà fún ọmọ ọdún méjìlélógún kí ó yé e. “Ọ̀tọ̀ ni ká mọ̀ ọ́n,” ló máa ń wí, “ọ̀tọ̀ ni ká mọ̀ ọ́n kọ́.” Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń pàdé, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, pẹ̀lú tíì àti bísíkítì tí kì í kárí wọn. Wọ́n á máa lọ wo kíláàsì ara wọn, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sínú fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà kì í ní orúkọ, yálà ti ẹni tó wò tàbí ti ẹni tí wọ́n wò, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, kì í ṣe èèyàn. Ẹni tí wọ́n wò ló máa dìde, tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Òfin yẹn, bàbá náà ló ṣe é. Ó ní ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ka àléébù rẹ̀ kò ní rí ẹni bá jà. Ọ̀kan nínú wọn, dókítà ojú, ti dìde rí tó ka tirẹ̀ pé, “Olùkọ́ yìí ń bá pátákó sọ̀rọ̀, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, òun náà rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kejì kíláàsì náà, Dókítà Kékeré lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wọn ní ọ́fíìsì. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì, sà. Wọ́n tún ní kì í ṣe òkè.”

“Oṣù mẹ́jọ ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì, Dókítà. Ẹ ò wá fẹ́ kó jẹ́ ìgbà tèmi ni wọ́n lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kúrò níbí?”

“Mi ò ní kẹ́ ẹ lé wọn, sà. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ yìí ń wọ wọ́ọ̀dù. Wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ dání.”

“Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ṣebí nítorí irú ẹ̀ la ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. Tí wọ́n bá kà á lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á lọ tún un ṣe fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ bùṣe.”

“Tí mo bá kúkú lọ bá àwọn ọmọ náà ńkọ́?”

“Lẹ́yìn wọn?” Ọ̀gá dá awò padà sójú. “Kẹ́ ẹ lọ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé olùkọ́ wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́? Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́?”

Dókítà Kékeré dìde. Ó dúpẹ́, bí ẹni pé wọ́n ṣe é lóore, ó jáde. Inú bí i sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gan-an ló bínú sí jù, nítorí nígbà tí ọ̀gá sọ pé kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, ara tù ú díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó gba ilé bàbá lọ, ní àkókò tó mọ̀ pé bàbá wà níbi iṣẹ́. Ìyàwó bàbá ló ṣílẹ̀kùn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbẹ̀bí àkọ́bí Dókítà Kékeré. Ó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò bi í ní nǹkan kan, ó mú un lọ sínú ilé ìdáná. Ìwé pélébé-pélébé ló wà lára gbogbo nǹkan níbẹ̀. Pa iná. Ti omi. Mú kọ́kọ́rọ́. O ti jẹun.

“O ti rí i,” ìyá náà wí.

“Ó ti tó ìgbà wo, mà?”

“Ó ti lé lọ́dún kan. Láràárọ̀ ni mo máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ sínú ìwé kékeré kan, màá fi í sínú àpò wọn. Wọ́n rò pé àwọn ló kọ ọ́.” Ó tẹ ìwé kan tó fẹ́ já mọ́ ògiri. “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ kí àbúrò mi. Mi ò tètè dé, wọ́n ti jáde láìsí ìwé náà.”

“Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, mà.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú. “Dókítà mélòó lo fẹ́? Àárín dókítà ni wọ́n ń jí sí, àárín dókítà ni wọ́n ń sùn sí. Ìwọ ńkọ́, kí lo jẹ́?”

Dókítà Kékeré yíjú sí àwọn ìwé pélébé náà.

“Oṣù mẹ́jọ péré ni, ọmọ mi. Kí wọ́n sáà fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù tí wọ́n fi mọ ara wọn. Bá mi bo bàbá ẹ láṣìírí.” Ìyá náà fẹ́ kúnlẹ̀. Dókítà Kékeré sáré dì í mú ní apá méjèèjì, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ nílé ìdáná, àwọn méjèèjì ń sunkún, kò sẹ́ni tó lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́.

Nígbà tó délé, ó gbé fọ́ọ̀mù ka iwájú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni: Kí lo rí kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ yìí? Ó kọ ọ́ pé, “Gbogbo ohun tí mo mọ̀.” Ó fà á rẹ́. Ó gbìyànjú láti kọ irọ́, pé kíláàsì náà lárinrin, pé ohùn olùkọ́ ròkè dáadáa. Ojú aláìsàn kan tí kò mọ̀ rí, tó ká aṣọ sókè de akẹ́kọ̀ọ́ kan, kò jẹ́ kó lè kọ ọ́ parí. Ó mú fọ́ọ̀mù tuntun, ó kọ òótọ́, ó lẹ àpòòwé náà pa kí ọkàn rẹ̀ má baà yí.

Àwọn mọ́kànlá ló pé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Màmá Fọ́ọ̀mù, akọ̀wé wọn, pín àpòòwé kiri. “Ẹ̀yin ló kàn, sà,” ó wí fún Bàbá Onírúlà.

Bàbá dìde. Ó gbé awò sójú, ó tún ọrùn ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn tó ti fi jí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì.

“‘Olùkọ́ yìí fẹ́ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wọn pé abẹ́ eegun ìhà ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òdì ni—’ Áà!” Ó wo gbogbo wọn yíká, ó tún padà sórí ìwé. “‘Òdì ni. Aláìsàn lè kú. Lẹ́yìn náà ó béèrè kíláàsì tó ti kọ́ tán. Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá. Ó yẹ kó dáwọ́ ìkọ́ni dúró, kí àwa tó fẹ́ràn rẹ̀ sì tọ́jú rẹ̀.’”

Ó ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì.

“Ta ni olùkọ́ yìí?” Bàbá Onírúlà béèrè.

Dókítà ojú tẹjú mọ́ ife tíì rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka ń wo fóònù tí kò dún.

“Mo mọ̀ pé a kì í dárúkọ. Èmi ni mo ṣòfin yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ṣe é kó fi pààyàn. Abẹ́ eegun kẹ̀! Ṣé ẹ ti bá a sọ ọ́?”

Dókítà Kékeré gbọ́ ohùn ara rẹ̀. “A ò tíì lè bá wọn sọ ọ́, sà.”

“Kí ló dé?”

“Àgbà ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ wa.”

“Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè sọ ọ́ nìyẹn! Ẹ ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ wá ń wò ó kó máa dójú ti ara rẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé.” Ó mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ẹ̀rù ń bà yín. Ó yé mi. Àgbà lè bá àgbà sọ ọ́. Kékeré, dìde, jẹ́ ká jọ lọ. Ọ́fíìsì wo ló wà?”

Dókítà Kékeré dìde. Kò mọ ohun mìíràn tó lè sọ, àfi òótọ́.

“Ilẹ̀kùn kẹta lápá ọ̀tún, sà.”

Wọ́n jọ ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Má jẹ́ kí n pariwo mọ́ ọn o,” bàbá wí. “Ẹni tí irú ẹ̀ ń ṣe, wọn kì í pariwo mọ́ ọn. Àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ béèrè. Obìnrin yẹn á ti máa jìyà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó dé ìdí ilẹ̀kùn kẹta, ó kàn án. Ó fetí sílẹ̀. Ó tún un kàn, jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń kanlẹ̀kùn yàrá aláìsàn. “Ó lè ti lọ sílé,” ó wí. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ka orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó kà á pẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò sòkòtò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó tì í bọ ihò ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí.

Kò wọlé. Ó fi ọwọ́ kan di férémù mú.

“Kékeré.”

“Sà.”

“Ṣé ìyàwó mi mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀, sà.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga àlejò, kò dé ìdí tábìlì rẹ̀. Dókítà Kékeré kúnlẹ̀ tì í.

“Ṣé àwọn ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀?” bàbá béèrè.

“Wọ́n kọ ọ́, sà.”

“Gbogbo wọn?”

“Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì.”

“Aago mélòó ló lù?”

“Mẹ́ta ààbọ̀ ti kọjá, sà.”

“Aago mẹ́rin ni wọ́n ń túká lọ sílé. Lọ bá wọn. Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o wá, pé mo ṣì wọ́n lọ́nà. Òkè eegun ni.”

“Sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Mọ́mì nílé, kí n má fi yín sílẹ̀ ẹ̀yin nìkan—”

“Sáré, ọmọ mi,” Bàbá Onírúlà wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tì í síta. “Sáré lọ, kí n tó gbàgbé pé mo rán ọ.”

Dókítà Kékeré ki eré mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.