Kókó Ojú Bọ́tìnnì

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí dókítà ti la ikùn aránṣọ kan, tó gé èyí tó pọ̀ nínú àpò oúnjẹ rẹ̀ dànù, tó sì rán ìyókù pọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Lẹ́pa ládùúgbò, orúkọ náà sì wọ̀ ọ́ bí aṣọ tí a wọ̀n dáadáa ká tó rán an. Kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í gbọ́ ìtàn náà.

“Ẹ wo gáùn yìí,” yóò wí, yóò na ọwọ́ sí gáùn fífẹ̀ kan tó kọ́ sára ògiri. “Gbogbo inú ẹ̀ ni mo kún nígbà yẹn. Ẹ wá wo èyí tó ṣẹ́kù!”

Kò ní í sọ ọ́ tán tí kò ní í yíjú sí dígí, bóyá dígí náà ní nǹkan tó fẹ́ fi kún un.

Ká má parọ́, iṣẹ́ abẹ náà ṣe é lóore. Orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró ti dákẹ́. Ṣíbí oúnjẹ díẹ̀ báyìí, ó ti yó. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ kan tí abọ́ ń bẹ̀rù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, náà ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. “Ó tó mi, ìyàwó mi,” yóò wí, yóò sì ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́pa rò pé ìfẹ́ ni.

Àmọ́ téèpù kì í ṣojúsàájú. Lọ́dún yìí nìkan, Lẹ́pa ti tú ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó lè fẹ̀ sí i. Ara fu ú. Ẹni tó ń ṣa oúnjẹ jẹ bí ẹyẹ nílé, ta ló ń bọ́ ọ níta? Obìnrin ni. Obìnrin tó sanra ni, torí ta ni yóò tún máa gbé ìkòkò ńlá kaná? Ó gbójú sókè wo gáùn ara ògiri, ó sì dà bíi pé gáùn náà ń fi í rẹ́rìn-ín. Àbí èyí tí dókítà gé dànù gan-an ni ọkọ òun fẹ́ràn?

Àwọn aránṣọ a máa ṣẹ́ aṣọ díẹ̀ sínú ojú rírán, kí ara lè rí àyè bó bá fẹ́ gbòòrò. Lẹ́pa rán ṣòkòtò tuntun fún ọkọ rẹ̀, kò ṣẹ́ nǹkan kan sínú rẹ̀. Ó mú un mọ́ ìbàdí rẹ̀ típẹ́típẹ́, ó sì fi òwú tín-ín-rín gbé bọ́tìnnì rẹ̀ dúró. Bí ọkùnrin yìí bá fẹnu kan abọ́ mìíràn, bọ́tìnnì yóò ké gbàjarè.

“Ó fún mi díẹ̀ o,” ni olùkọ́ wí.

“Ọ̀dọ́mọkùnrin lẹ dà nínú ẹ̀, olówó orí mi.”

Olùkọ́ wo dígí, ó sì gbà á gbọ́. Ẹ̀mí à-ń-ṣoge ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, bọ́tìnnì wà níbẹ̀. Lẹ́pa dúró kí ó wọ ilé ìwẹ̀, ó gbé ṣòkòtò. Òwú tó wà lára bọ́tìnnì kì í ṣe tirẹ̀! Ẹnìkan ti tún un rán. Kí ṣòkòtò sì tó dé ọwọ́ ẹni náà, ṣebí ó ti kọ́kọ́ kúrò nídìí ọkùnrin ni.

Ó gbé ṣòkòtò náà lọ sídìí fèrèsé. Kókó òwú náà wà lójú bọ́tìnnì, kò sí lẹ́yìn. Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ láyé yìí tó ń ta kókó sójú bọ́tìnnì: ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́, tí àwọn méjèèjì ti jà lórí kókó yìí títí ó fi sú wọn. Ìyá rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, bí ilé ìwé ti ń jáde, Lẹ́pa ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló jókòó yẹn, ìrẹsì ga níwájú rẹ̀ bí òkìtì.

“Ìyá mi, ẹ̀yin náà?”

“Èmi náà kẹ̀. Wọlé, o ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.”

“Kí ló bọ́ ṣòkòtò lára ọkọ mi lánàá?”

“Bọ́tìnnì ló fò sínú ọbẹ̀! Mo fún un ní ìró mi, ó ró o, mo bá a rán an. Aránṣọ wo ló tiẹ̀ rán ìránkúrán yẹn?”

Lẹ́pa gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ ní ó tó yín nílé.”

“Bí mo bá bu ẹ̀ẹ̀kejì, ṣe lò ń wò mí bí ẹni tó jalè,” ni olùkọ́ wí, kò gbójú sókè. “Lẹ́yìn náà, wàá ní kí n wá wo gáùn.”

“Dókítà gé inú tìrẹ, a gbà,” ni ìyá dá sí i. “Ta ló ní kí o gé ti ọkọ ẹ mọ́ ọn?”

Lẹ́pa fẹ́ bínú, àmọ́ ìbéèrè tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ṣé èyí tí wọ́n gé dànù lẹ fẹ́?”

Olùkọ́ gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ẹni tó máa ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́nu oúnjẹ ni mo fẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gé òun náà.”

Lẹ́pa wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ tí ọlọ́jà ní kì í ṣá. Kò gbà á gbọ́ tán. Ó fa àga, ó gba ṣíbí, ó jẹ ìwọ̀nba tirẹ̀. Nígbà tó yó, kò dìde. “Ẹ bu sí i,” ló wí fún ọkọ rẹ̀, “kí bọ́tìnnì lè ríṣẹ́ ṣe.” Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá ní kó tún yàn lónìí, yóò tún padà tọ dókítà lọ. Orúnkún rẹ̀ kò ní í gbà kó ṣe òmíràn. Gáùn nìkan ni kò ríbi gbé mọ́. Nígbà tó délé, ó já a lára ògiri, ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi lé ẹ̀yìn ìbàdí ṣòkòtò náà kí ó lè fẹ̀ sí i, níbi tí ṣẹ́ẹ̀tì yóò bò. Ó tún bọ́tìnnì rán, ó le dáadáa, kókó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn.

Bó bá tún já lọ́jọ́ kan, ó kéré tán, yóò mọ ọwọ́ ẹni tó bá tún un rán.