Ọ̀nà Kòǹtàgórà

Ní ọdún kejì tí ìjọba yí ọkọ̀ wíwà sí apá ọ̀tún, Alájì Jíbrílù, oníléèsì ní Ọjà Balógun, sọ fún Hàwáwù, ìyàwó rẹ̀ kejì, pé kó di ẹrù rẹ̀, àwọn méjèèjì ń lọ wo ayé ní Òkè Ọya. Inú Hàwáwù dùn débi pé kò lè jókòó. Ọdún mẹ́jọ ló ti lò ní agboolé wọn n'Ísàlẹ̀ Èkó láìbímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ kì í sì í fi bò mọ́ pé òun fẹ́ kó kúrò nílé. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lórí ẹní ìkírun rẹ̀: kí Alájì má lé òun.

"Kó aṣọ dáadáa o," ni Alájì wí. "Ọyẹ́ ọ̀hún le."

Ó kó gbogbo èyí tó ní. Kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ má bú u. Ìdùnnú ni kò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Pijó wọn gba Ìbàdàn, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́, ó gba Ìlọrin. Níwájú Ìlọrin, igbó tán, ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀: koríko gbígbẹ títí dé ibi tí ojú lè ríran mọ, ògán pupa tó ga ju èèyàn lọ, àwọn màlúù Fúlàní tí ń rọra kọjá nínú eruku. Hàwáwù tí kò mọ̀ ju páànù orí ilé àti ọ̀sà lọ, ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́. Gbogbo ibi tó bá ti ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," Alájì dúró. Ó ra iṣu fún un ní Bódé Sáàdù. Ní Jẹ́bà, ó mú un gun òkè lọ síbi òpó tí wọ́n fi ń rántí àwọn òyìnbó tó wá Odò Ọya, ó nawọ́ sí àpáta ńlá tó wà láàárín omi, ó sì yọ kámẹ́rà.

"Ẹ wá dúró tì mí, ká bẹ ẹnì kan kó yà wá," ni Hàwáwù wí.

"Dá dúró. Ó yẹ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ ò rí i bí Alájì ṣe ń rẹ́rìn-ín, aláìlójútì!

Ilé Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n Hàwáwù tó ń ta bàtà ní Kòǹtàgórà, ni wọ́n sọ̀ sí. Òun ló fa Hàwáwù lé Alájì lọ́wọ́ lọ́jọ́ yìgì, torí bàbá wọn ti kú. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Alájì fọwọ́, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Àna mi, ọwọ́ yín ni mo ti gbà á, ọwọ́ yín náà ni mo dá a padà sí. Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ níwájú lèmọ́mù ní Jímọ̀ tó kọjá, bí lẹ́tà tí mo kọ sí yín ṣe wí."

Hàwáwù, tó ń kó àwo, dúró. "Alájì, kí ni mo ṣe? Gbogbo ibi tí mo ní kẹ́ ẹ dúró náà lẹ dúró!"

"Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé mo lé ọ bí ajá," ni Alájì dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù. "Mo ní kó o kọ́kọ́ gbádùn ná."

Ó dun Hàwáwù wọ egungun. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó gbèjà òun, kó tiẹ̀ bínú lásán. Ṣàíbù bọ́ fìlà.

"Ẹ ṣeun, Alájì. Àwọn mìíràn, mọ́tò akérò ni wọ́n máa ń jù wọ́n sí." Ó wo àbúrò rẹ̀. "Ìwọ náà, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Hàwáwù gbé àwo sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì dúpẹ́.