Kí Oòrùn Rọlẹ̀ Ná

"Mà, ẹ máa lọ sílé. Wọ́n ti ti ọ̀nà pa."

Ṣọ́jà tó ń bá Àsíátù sọ̀rọ̀ lẹ́nu yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí Maiduguri ká nítorí àwọn agbébọn kò le mọ́ ọn. Dámiláre lorúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà ni, inú rẹ̀ sì dùn pé ó rí ẹni bá sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni wọ́n pa fún un. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé tàbí jáde mọ́.

"Ọkọ mi ṣì wà lóko, ọmọ mi. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jáde ti wọlé, òun nìkan ló kù."

"Kí ni wọ́n ń ṣe lóko di àsìkò yìí? Ṣé wọn ò mọ ìgbà tí à ń ti ọ̀nà ni?"

Àsíátù wo ọ̀nà oko. Ó mọ ohun tí Salahudeen ọkọ rẹ̀ ń ṣe lóko.

Ajílẹ̀ ni Àsíátù ń tà ní Monday Market, ọjà tó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí ewé àgbàdo ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òun ló fún un ní ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń fín sára ewé. Ewé a fà á mu, ara àgbàdo a sì tètè jí. Kìkì pé wọn kì í fín in nínú oòrùn. Oko Salahudeen sì rèé, ẹ̀yìn yàrà ló wà, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn lọ àfi tí oòrùn bá ti mú. Ó fín in lọ́sàn-án, ewé jó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àsíátù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn àlejò.

"Ọkọ ìyá alájílẹ̀, tí kò mọ ajílẹ̀ lò! Ṣebí mo ní kí oòrùn rọlẹ̀ ná?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Salahudeen náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Láàárọ̀ òní ló gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, tó ní, "Ìyá Sàmíát, tòní yìí, màá jẹ́ kó rọlẹ̀." Àsíátù rò pé àwàdà ni.

Lálẹ́ yẹn, nílé wọn ní Umarari, Sàmíát ọmọ wọn béèrè bàbá rẹ̀ ní Hausa, "Mama, ina Baba?"

"Ó ń bọ̀," ni Àsíátù wí. Kò fojú kan oorun.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àsíátù ti dé ẹnu yàrà. Salahudeen ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹrẹ̀ bo gbogbo aṣọ rẹ̀, pọ́ǹpù òfìfo wà lẹ́yìn rẹ̀. Àsíátù kúnlẹ̀ sínú eruku níṣojú àwọn ṣọ́jà.

"Ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ló fa gbogbo èyí."

"Dìde." Salahudeen na ọwọ́ sí i. "Àwọn kan gun alùpùpù kọjá. Mo dojú bolẹ̀ sáàárín poro, mi ò lè mí." Ó sọ pọ́ǹpù kalẹ̀. "Mo fín in tán ṣá."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àgbàdo náà tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá rí i á yìn ín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń yìn ín ni inú Àsíátù ń bàjẹ́. Ìró alùpùpù lásán ń jí ọkọ rẹ̀ lójú oorun.

Kò pẹ́ tí Baba Mùhámmẹ́d, àgbẹ̀ ará Borno kan, fi yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì kí i kú ọjà ní Hausa.

"Sannu da kasuwa, Hajiya. Mo rí oko ọkọ rẹ. Fún mi nínú ohun tó fín síbẹ̀."

Àsíátù ti nawọ́ mú ike ajílẹ̀ olómi kó tó dúró.

"Baba, níbo loko yín wà?"

"Ẹ̀yìn yàrà ni. Èmi àti ọkọ rẹ la jọ pààlà."

Àsíátù dá ike náà padà sórí pẹpẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ajílẹ̀ oníhóró sínú ọ̀rá.

"Ìdí àgbàdo lẹ máa da èyí sí, Baba. Kò yá tó tọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹ lè dà á lọ́sàn-án, kí ẹ sì tètè máa bọ̀ nílé."