Àárọ̀ Tí N Kò Bá Ológbò Mi Ṣeré

Ológbò tí mo tọ́ láyé ọjọ́un kì í jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí àpótí tí kì í tú, kò sí ihò tí kì í yọjú wò. Àfi tí mo bá fi okùn bá a ṣeré láràárọ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ ni ilé máa ń rójú.

Obìnrin aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi da omi gbígbóná sí ológbò náà lẹ́yìn, nítorí pé ó fọwọ́ kan òwú ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí mo bá a wí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ lọ bímọ, kí ẹ yéé pọn ẹranko.”

Mo tọ́jú egbò náà títí ó fi jinná. Ní àárọ̀ tí ìyàwó ọ̀ṣìngín kan fẹ́ wá gba aṣọ ìgbéyàwó lọ́wọ́ aránṣọ náà, n kò mú okùn rárá. Fèrèsé tó kọjú sí tirẹ̀ ni mo ṣí.

Kí aránṣọ tó wẹ̀ tán, aṣọ ti di àkísà. Ó gbé e wá bá mi tẹkúntẹkún.

“Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ológbò yín.”

“Ó mọṣẹ́ jù yín lọ.”

Mo ti darúgbó sí òkèèrè báyìí. Àárò ológbò yẹn máa ń sọ mí gan-an. Ní ti ẹkún obìnrin náà, inú mi ṣì ń dùn sí i.