Èjìká Hàmdálàt

Ọdún mọ́kànlélógún ni Hàmdálàt, ọmọ Ìlọrin, ti fi ń dirun ní Fegge ní Onitsha kí èjìká ọ̀tún rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Bó bá gbé apá sókè láti ya irun, èjìká náà á dún kẹ́kẹ́, ìrora á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè de kọ́mú ara rẹ̀. Ọjọ́ náà ló gba ọsibítù lọ.

Dókítà ya fọ́tò eegun rẹ̀, ó sì tọ́ka sí i.

"Mama, ohun tó yẹ kó wà láàárín eegun méjèèjì yìí ti jẹ tán. Eegun ló ń ha eegun."

Ó ní òun á gún un lábẹ́rẹ́ sínú oríkèé èjìká gan-an. Ìrora á rọlẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tó ti jẹ kò ní padà wá, wọn ò sì gbọdọ̀ máa gún un lemọ́lemọ́.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Hàmdálàt ti ń nawọ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ. Ló bá tún ń dirun láti àárọ̀ dalẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ìrora ti padà dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyàndá, gbọ́, ó wọkọ̀ wá láti Ìlọrin.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Di ẹrù rẹ ká máa lọ sílé. Dókítà fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò sí ohun tó lè dá a padà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò lọ. Dókítà ní abẹ́rẹ́ ò lè dá eegun padà. Kò ní kí n lọ jókòó sílé máa wo ògiri. Èjìká ló ń dùn mí, ìka mi ò ṣe nǹkan kan."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó kó gbogbo àga gíga jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ ẹní, ó to tìmùtìmù lé e, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí. Bísọ́lá, oníbàárà rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, wọlé, ó dúró sójú kan.

"Anti, ilẹ̀ kẹ̀? Pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Ilẹ̀ ni, ọmọ mi. Ẹni tí kò bá lè jókòó sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Fegge."

Bísọ́lá jáde. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e.

"Ṣé o ti wá rí i báyìí?" Ìyàndá bi í.

Hàmdálàt tún tìmùtìmù rẹ̀ tò. Ọwọ́ ọ̀sán ni Mama Ifeoma, tó ń ta bàtà, wọlé. Ó wo ẹní, ó wo Hàmdálàt, ó tú gèlè, ó sì jókòó gbẹ̀dẹ̀ sáàárín orúnkún rẹ̀.

"Na so my mama dey plait me," ló wí.

Hàmdálàt bẹ̀rẹ̀. Apá rẹ̀ kò kọjá àyà. Ó di orí náà tán láìsinmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń wò ó.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyàndá nìkan ló padà sílé. Bísọ́lá kò padà wá, àmọ́ àwọn mìíràn wá. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, dókítà gún Hàmdálàt ní abẹ́rẹ́ kejì, ó sì bi í bóyá kò tíì rò ó láti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Dókítà, ẹ gún mi," ló fèsì. "Ènìyàn mẹ́ta ń dúró dè mí lórí ẹní."