Àga Pupa Nínú Ẹrẹ̀

Colquitt fi ọwọ́ méjèèjì fa àpò náà, ẹrẹ̀ ń fà á padà. Nígbà tó já, ìdí ló fi jókòó sínú omi. Àpò lẹ́tà ni! Orúkọ iléeṣẹ́ akẹ́rù-kólẹ́tà tiẹ̀ gan-an ló wà lára ẹ̀.

"Jubal! Mélòó lo kó sínú kòtò ojú ọ̀nà yìí?"

Jubal tó ń bá a wa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Tábà ló ń jẹ. "Mẹ́rin lónìí, ọ̀gá."

"Lónìí kẹ̀?"

"Kòtò yìí kì í yó. Látìgbà tí yìnyín ti yọ́ la ti ń fún un lóúnjẹ."

Oṣù mẹ́ta! Oṣù mẹ́ta gbáko ni Lavinia, obìnrin tó ń fọṣọ fáwọn awagóòlù lórí òkè, ti ń wá béèrè lẹ́tà ọmọ ẹ̀. Láàárọ̀ yìí, lójú gbogbo èèyàn, ó ní ṣé wọ́n ń jí lẹ́tà òun ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí Colquitt fi dá a lóhùn? "Ìyá, ọmọ yín ti gbàgbé yín. Ẹ lọ fọṣọ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn ò sunkún o. Ó kàn wò ó. Ìwò yẹn ló lé Colquitt gun ẹṣin wá pàdé kẹ̀kẹ́ lọ́nà.

"Ọ̀dájú! Ta ló ní kó o fi lẹ́tà ọlọ́lẹ́tà dí kòtò?"

"Ẹ̀yin ni." Jubal tutọ́ tábà. "Mo ní ká já ẹrù sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ fúyẹ́. Ẹ ní ẹrù ilé ọtí ò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ ní lẹ́tà kì í bà jẹ́, lẹ́tà kì í pariwo."

Ẹyin mà lohùn. Colquitt rántí ibi tó ti sọ ọ́. Ó tún rántí ẹ̀rín tó rín tẹ̀ lé e.

Ó fò gun kẹ̀kẹ́, ó ya tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù. Àga mẹ́rìnlélógún, àrán pupa ni wọ́n fi bò wọ́n. Ó gbé ọ̀kan, ó jù ú sí kòtò. Gbàà!

"Ọ̀gá! Àga ilé ọtí!"

"Sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi jù ú, àbí kí n jù ẹ́ tẹ̀ lé e!"

Wọ́n ju àga, wọ́n fa àpò. Wọ́n wá sá lẹ́tà sórí àwọn àga tó kù nínú oòrùn. Omi ti fọ ojú ọ̀pọ̀ nù. Mẹ́ta ṣì ní orúkọ Lavinia lára, ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo wọn. Ọ̀kan ti la ẹnu fúnra ẹ̀. Nínú ẹ̀, "Màmá mi" nìkan ló ṣẹ́ kù.

"Kí lẹ máa sọ fún un?" Ohùn Jubal ti rọ̀.

Ìbínú Colquitt ò tíì lọ, kò kàn rí ẹni tó máa tu ú sí lára mọ́. Ó ki lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ àyà, ó gun ẹṣin.

Ó ku máìlì mẹ́sàn-án kó dé ọ̀dọ̀ Lavinia. Ojoojúmọ́ ló ń ṣépè fún ọ̀nà yìí pé ó jìn. Lónìí, ó kúrú jù.